ỌDẸ TÍ KÌ Í BÉÈRÈ ẸNI TÍ Ń WỌLÉ

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo lọ kí Alhaja kan tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ àsàlátù. Ìlú mìíràn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó ń wálé lóṣù, nítorí náà ni wọ́n ṣe ra kámẹ́rà aṣọ́lé mẹ́rin. Ọ̀kan wà lẹ́nu géètì, ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀kan wà ní pálọ̀, ẹ̀kẹrin sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Inú Alhaja dùn sí nǹkan náà púpọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi wọ́n sí i ni òun ti ń sùn dáadáa.

Ibi tí a ti ń jẹun ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpótí tí àwòrán àwọn kámẹ́rà náà ń wọ̀ sí wò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bá yín yí páswọ́ọ̀dù nǹkan yìí?”

Alhaja ní, “Páswọ́ọ̀dù wo? Ẹni tó wá fi í sí i ló mọ ìyẹn. Ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, a sì ti sanwó fún un.”

Ọmọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí àpótí náà sínú fóònù rẹ̀, ó jáde sí òpópó, ó rìn dé ìdí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tí ó wà ní ìkóríta. Nígbà tí ó padà wọlé, ó na fóònù náà sí wa. Àwa fúnra wa ni a rí níbẹ̀: èmi pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, Alhaja láìsí ìbòrí lórí, àti ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà tí ń di irun àbúrò rẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣílẹ̀kùn kò ju “admin” àti nọ́ńbà 1 dé 6 lọ, bí ó ti wà láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Alhaja fa gèlè bo orí kíákíá, àfi bí ẹni pé àlejò ti wọ pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ní, “Ẹni tó wá fi í sí i ńkọ́? Ṣé òun náà ti ń wò wá láti oṣù méje yìí?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yẹn ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Mo ti lọ bá àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, mo sì ti ka ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí owó wọn kò lóǹkà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé irú àléébù tí ó wà nílé Alhaja náà ni ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tí a rà pé kí ó máa ṣọ́ wa, òun gan-an ni a kò ṣọ́.

ILÉ ỌDẸ NÁÀ NÍ ÌLẸ̀KÙN

Nínú ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, àpótí kékeré kan ni ó máa ń wà lórí tábìlì tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ráútà ni wọ́n ń pè é. Ohun gbogbo tí ń ti ìta wá sórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n yín, ibẹ̀ ni ó ń gbà. Ní báńkì, ní ilé ìwòsàn, ní yunifásítì àti ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ kan tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Firewall ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdẹ ẹnu géètì ni. Ó ń yẹ ẹrù tí ó ń wọlé wò, ó ń yẹ èyí tí ó ń jáde wò, ó sì ń dá èyí tí kò yẹ padà. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan sì tún wà tí wọ́n ń pè ní VPN, èyí tí òṣìṣẹ́ tí ó wà nílé tàbí lẹ́yìn odi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó jókòó sí ọ́fíìsì.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọdẹ náà ní yàrá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, yàrá náà sì ní ìlẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ń gbà wọlé láti fún un ní àṣẹ: “Jẹ́ kí ti ibí wọlé, má jẹ́ kí ti ọ̀hún wọlé.” Olè tí ó bá wọ yàrá yìí kò nílò àkàbà láti fi fo ògiri, kò sì nílò ìbọn. Yóò kàn sọ fún ọdẹ pé, “Ṣílẹ̀kùn fún mi, má sì kọ orúkọ mi sínú ìwé.” Ọdẹ yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá wà nínú yàrá náà ni ó mọ̀ sí ọ̀gá.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ẹni tí ó bá kanlẹ̀kùn. Èkínní: ta ni ọ́, kí ni ìwọ yóò sì fi hàn mí pé ìwọ ni? Èkejì: kí ni wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣe níhìn-ín, títí dé ibo? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ti èkínní, wọ́n sì ń gbàgbé èkejì. Alágbàfọ̀ tí ó ti ń fọṣọ fún yín láti ọdún mẹ́wàá, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ó ń dé. Kò ní ohun tí ó ń wá ní yàrá.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa Mùsùlùmí láti lóye. Suratu Nuri kọ́ wa láti tọrọ àyè, kí a sì kí àwọn ará ilé kí a tó wọ ilé onílé. Ó tilẹ̀ ya ìgbà mẹ́ta sọ́tọ̀ tí àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ àgbà lọ: kí a tó kí ìrun àsùbáà, ní ọ̀sán gangan tí a bá bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ wa ni o, ẹni tí a mọ̀ ni. Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n kò sọ pé gbogbo ìgbà àti gbogbo yàrá ni ó ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń fi ìwé ńláńlá kọ́ ara wọn lónìí kò jìnnà sí èyí.

“ARÁ ILÉ NI MÍ”

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Fortinet ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tí ń ṣe firewall tí wọ́n ń lò jákèjádò ayé, kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àbùkù kan wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́ dà bí ẹ̀rín.

Nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ náà ń rán ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ilé ti ń rán ọmọ láti yàrá lọ sí ilé ìdáná. Ọmọ tí ó bá ti inú yàrá jáde kì í lọ kanlẹ̀kùn ìta kí ó tó wọ ilé ìdáná. Bákan náà ni wọ́n ṣe é pé bí iṣẹ́ kan bá ti inú ẹ̀rọ náà wá, kí ọdẹ má wulẹ̀ béèrè páswọ́ọ̀dù. Èyí kò burú. Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni ọ̀nà tí ọdẹ náà fi ń mọ ẹni tí ó ti inú wá: ohun tí onítọ̀hún bá sọ nípa ara rẹ̀ ni ó ń gbàgbọ́. Nọ́ńbà kan wà, 127.0.0.1, tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé “èmi”. Ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè kàn lè kọ nọ́ńbà yìí sí ẹ̀yìn iṣẹ́ tí ó rán sí ẹ̀rọ náà. Ó dà bí ìgbà tí àjèjì kanlẹ̀kùn lóru, tí ó ní, “Èmi ni o, ará ilé ni mí,” tí ọdẹ sì ṣí i láì yọjú wò ó.

Bí ó bá sì ti wọlé, ó lè fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sí orúkọ ọ̀gá, kí ó lè máa padà wá nígbà tí ó bá wù ú.

Ilé-iṣẹ́ náà gbé àtúnṣe jáde kíá, wọ́n sì bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ wọn láìjáfara. Àwọn kan ṣe é lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ṣe é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì rò pé ó ti parí. Ó tó ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, kí àwọn olè kan tó gbé ìwé tí wọ́n kó nínú firewall tí ó ju 15,000 lọ síta gbangba. Wọ́n tò wọ́n ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, bí oníṣòwò ti ń to ọjà sórí àtẹ. Páswọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àwọn òfin tí ọdẹ ń tẹ̀lé náà sì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ihò ọdún 2022 yẹn ni wọ́n gbà kó wọn.

Ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí àwọn olè àtijọ́ ń ṣe: wọn a tẹ kọ́kọ́rọ́ onílé mọ́ ọṣẹ rírọ̀, wọn a sì lọ fi rọ òmíràn. Onílé lè tún ìlẹ̀kùn kàn, kí ó tún kùn ún lọ́dà, bí kò bá yí àgádágodo padà, kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ olè ṣì ń ṣí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n tún ìlẹ̀kùn ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò yí páswọ́ọ̀dù.

Kí ẹ má ba à rò pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èyí bá, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ Cisco, tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́fíìsì láyé, kéde àbùkù kan tí wọ́n fún ní máàkì 10 nínú 10 nínú ewu. Ojú-ewé tí ọ̀gá fi ń darí ẹ̀rọ náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àbùkù wà. Àjèjì tí kò ní páswọ́ọ̀dù rárá lè dá orúkọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì gba ipò 15, èyí tí ó ga jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ti wọ̀ ti ju 30,000 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí àwọn olè náà fi sílẹ̀ ni “cisco_support”, kí ẹni tí ó bá rí i lè rò pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn kò le: ẹ ti ojú-ewé náà pa sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ìlẹ̀kùn yàrá ọdẹ ń wá ní ojú títì?

KỌ́KỌ́RỌ́ KAN TÍ Ó Ń ṢÍ ILÉ GBOGBO

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ti ilé-iṣẹ́ Verkada, ní Amẹ́ríkà bákan náà. Kámẹ́rà aṣọ́lé ni wọ́n ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn kan rí orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ọ̀gá pátápátá kan níbi tí ó ti wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni ó ṣí nǹkan bí 150,000 kámẹ́rà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo inú ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n wo inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n wo ibi tí ilé-iṣẹ́ Tesla ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n wo inú ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, wọ́n sì wo inú ilé ìtọ́jú àwọn obìnrin.

Mo dúró níbi ilé ìtọ́jú àwọn obìnrin yẹn fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin tí ó lọ síbẹ̀ kò mọ Verkada. Òun kọ́ ni ó ra kámẹ́rà. Kò fọwọ́ sí ìwé kankan pẹ̀lú wọn. Aṣọ́nà ni wọ́n sọ fún un pé ó wà lára ògiri, bóyá ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó dé tí kọ́kọ́rọ́ kan fi lè ṣí ilé tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn náà ni pé ilé-iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àyè láti wọ kámẹ́rà oníbàárà èyíkéyìí, kí iṣẹ́ lè yá. Ìbéèrè èkejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, “kí ni wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣe, títí dé ibo?”, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Onílé tí ó ní yàrá ogún tí ó ń háyà fún àwọn ènìyàn, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí gbogbo yàrá kọ́ sí ara ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohun tí ó ṣe nìyẹn. Ní ọdún 2024, àjọ FTC tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé kò dáàbò bo àwòrán wọ̀nyí bí ó ti yẹ.

Ti ẹni tí ó ti lọ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò lọ tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 kan náà, àwọn olè kọlu ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline, tí ń fi páìpù gbé epo bẹntiróò lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Orúkọ VPN àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ ni wọ́n gbà wọlé. Kò sẹ́ni tí ó rántí pa á rẹ́, páswọ́ọ̀dù nìkan ni ó sì ń béèrè. Wọ́n ti páìpù náà fún bí ọjọ́ márùn-ún, àwọn ènìyàn tò fún epo gẹ́gẹ́ bí àwa ti mọ̀ ọ́n tò, ilé-iṣẹ́ náà sì san bítíkọ́ìnì 75 fún àwọn olè, èyí tí ó tó mílíọ̀nù 4.4 dọ́là nígbà náà. Ìjọba rí lára rẹ̀ gbà padà lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo ka èyí, ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa tí a kò gba kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo rántí. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin ni ó tó wá sí wa lọ́kàn.

Ọ̀kan tún wà tí ó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ní tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí onílé lè ṣe sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Juniper kéde pé àwọn rí ohun tí kò yẹ nínú àwọn firewall wọn tí ń jẹ́ NetScreen. Ẹnì kan tí kò ní àṣẹ ti fi páswọ́ọ̀dù kan pamọ́ sínú wọn, ó sì kọ ọ́ bí ẹni kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán, kí ojú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò lè kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lè wọ ẹ̀rọ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á. Lẹ́yìn ìkéde náà, wákàtí mẹ́fà ni ilé-iṣẹ́ Fox-IT ti ilẹ̀ Holland fi rí páswọ́ọ̀dù náà. Bíríkìlà tí ó kọ́lé fún ni, tí ó sì fi ihò pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

NǸKAN KÉKERÉ TÍ Ó DA ÌLÚ RÚ

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ti àwọn olówó nìyẹn. Ta ni yóò wá wo pálọ̀ mi?” Ó lè máà jẹ́ pálọ̀ ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní Mirai. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa kanlẹ̀kùn ráútà àti kámẹ́rà, kí ó sì máa dán nǹkan bí 60 orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wò, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́. “Admin” wà níbẹ̀. “12345” wà níbẹ̀. Bí èyí kò bá ṣí i, a dán òmíràn wò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kó ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ jọ nínú ilé àwọn tí kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi Mirai kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn, Twitter àti Netflix kò sì ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní oṣù kọkànlá, ó dé ìhà tiwa. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Liberia gbà síṣẹ́ fi irú agbo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ Lonestar tí ó ń bá wọn figagbága. Íntánẹ́ẹ̀tì di ìṣòro ní Liberia. Ìyálọ́jà ní Monrovia tí ó fẹ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kò rí ọ̀nà, nítorí pé àwọn kámẹ́rà aṣọ́lé ní ilẹ̀ òkèèrè, tí onílé wọn kò yí páswọ́ọ̀dù, ti di ọmọ ogun lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò rí rí. Ilé ẹjọ́ kan ní London rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wá fi òfin dè é. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, ẹni tí ó bá ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ilé ní Britain kò gbọdọ̀ fi páswọ́ọ̀dù kan náà tí ó rọrùn láti mọ̀ sí gbogbo wọn. Ó sì gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà bí yóò ti pẹ́ tó tí òun yóò máa fún un ní àtúnṣe. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ní London tí ó fẹ́ ra kámẹ́rà ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí ó ra tuntun tí ó tẹ̀lé òfin yìí. Kí ó má ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó náà ní ìdí.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍLÉ ALHAJA

Mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Àbúrò rẹ̀ ti jókòó ti àpótí náà láti àárọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa wò ó. Ó kọ́kọ́ yí páswọ́ọ̀dù àpótí kámẹ́rà sí gbólóhùn gígùn kan tí Alhaja fúnra rẹ̀ yàn, ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò tan mọ́ ara wọn. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́.) Ó ní orúkọ ọmọ kò dára, ọjọ́ ìbí kò dára, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló jẹ àsè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí ráútà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Páswọ́ọ̀dù méjì ni ráútà ní. Èkínní ni èyí tí a ń fún àlejò láti fi lo Wi-Fi. Èkejì ni ti yàrá ọdẹ, èyí tí a fi ń pàṣẹ fún ráútà náà. Alhaja ti yí ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń yangàn pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Kò gbọ́ rí pé èkejì wà. Ara ráútà náà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí oníṣẹ́ iná, alágbàfọ̀ àti ẹni tí ó wá kí wa lè kà á. Wọ́n yí ìyẹn náà. Ó ti ojú-ewé àṣẹ rẹ̀ pa sí ìta, kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá wà nínú ilé nìkan ni ó lè dé ibẹ̀. Ó wo bóyá àtúnṣe tuntun wà láti ilé-iṣẹ́. Ó wà, ọdún méjì sì ti kọjá tí ó ti jáde. Ó fi í sí i. Ó ya Wi-Fi mìíràn sọ́tọ̀ fún àlejò, kí fóònù ẹni tí ó wá jẹ ìrẹsì ọdún má ba à jókòó pọ̀ mọ́ kámẹ́rà. Lórí fóònù Alhaja àti ti ọkọ rẹ̀, ó ṣe é pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé láti fóònù tuntun, àfi kí nọ́ńbà kan kọ́kọ́ wọlé sórí fóònù wọn.

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ, iná sì lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àṣárì ni wọ́n pe oníṣẹ́ tí ó fi kámẹ́rà náà sí i. Mo rò pé yóò sá. Kò sá, ó wá. Ọmọ tí ó mọ ìwà hù ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí Alhaja. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì fi hàn wá láìfi nǹkan pamọ́. Ilé mẹ́tàdínlógún ni ó wà níbẹ̀, orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páswọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Ó ní òun fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè rọrùn fún òun láti ràn wọ́n lọ́wọ́ bí kámẹ́rà bá kọṣẹ́. Ó ní òun kì í wò wọ́n.

Alhaja ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Ọmọṣẹ́ rẹ tó ń bá ọ gbé àkàbà nígbà náà ńkọ́? Ṣé òun náà ní i lórí fóònù tirẹ̀?”

Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ó ní ọmọṣẹ́ náà ti lọ dá dúró láti bí oṣù mẹ́ta.

Alhaja ní kí ó yọ ilé òun kúrò níbẹ̀ lójú òun, ó sì yọ ọ́. Wọ́n dán páswọ́ọ̀dù àtijọ́ wò láti orí fóònù rẹ̀, kò ṣí mọ́. Ó tọrọ gáfárà, ó sì ní òun yóò lọ bá àwọn ilé mẹ́rìndínlógún yòókù bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Àbúrò Alhaja kọ ohun tí yóò ṣe sínú ìwé fún un.

Kí ó tó lọ, Alhaja ní kí ó bá òun gbé àkàbà. Wọ́n tú kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí yàrá àwọn ọmọ, wọ́n tú ti pálọ̀ náà. Ọ̀kan ti wà níbi táńkì omi báyìí, èkejì sì ń wo jẹnẹrétọ̀.